Bí Wọ́n Ṣe Bẹ̀rẹ̀ Sí Í Ṣírò Ohun Tí Ìgbì Yóò Fi Ọkọ̀ Ṣe

Ní 1857, wọ́n ń kan Great Eastern ní Lọ́ńdọ̀nù, ọkọ̀ òkun tó gùn ju 200 mita lọ. Brunel tó ya àwòrán rẹ̀ fẹ́ mọ bí yóò ṣe máa yí tí ìgbì bá gbá a lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó bá gbé iṣẹ́ náà fún William Froude, ẹnjiníà tí wọ́n ti jọ ṣe rélùwéè rí.

Èsì Froude jáde ní 1861, ó sì ya ni lẹ́nu. Ẹ so òjé tí bíríkìlà fi ń wọn ògiri rọ̀ sórí pákó kékeré tó léfòó lórí ìgbì. Òjé náà kò ní fa okùn sísàlẹ̀ gbọnrangandan. Á máa tẹ̀ bí ojú omi bá ṣe dagẹ̀rẹ̀. Ìgbì fúnra rẹ̀ ló ń sọ ibi tí ìsàlẹ̀ wà fún ọkọ̀. Bí àkókò tí ìgbì fi ń tẹ̀ lé ara wọn bá wá bá àkókò tí ọkọ̀ fi ń yí lọ yí bọ̀ mu, ewu dé nìyẹn: yíyí ọkọ̀ náà á máa pọ̀ sí i bí ọmọ tí wọ́n ń tì lórí jangilófà.

Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fún Froude ní 2,000 pọ́n-ùn. Ó ṣe kòtò omi tó gùn tó mita 85 sẹ́bàá ilé rẹ̀ ní Torquay, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ ọkọ̀ kékeré nínú rẹ̀ ní oṣù kẹta 1872. Ìda bíi ti àbẹ́là ló fi ṣe wọ́n: ó rọrùn láti fá, èyí tí kò bá dára, a ó yọ́ ọ.

Krylov, ará Rọ́ṣíà, ló gbà á níbẹ̀ ní 1896. Ó ṣírò agbára ìgbì lára ọkọ̀ bí ẹni pé ọkọ̀ ò da ìgbì náà láàmú rárá. Irọ́ ni o, àmọ́ irọ́ tó wúlò: orúkọ òun àti Froude ni agbára náà ń jẹ́ dòní. Ní 1953, St. Denis àti Pierson ní Amẹ́ríkà ka òkun tó dà rú sí àkójọ ọ̀pọ̀ ìgbì kéékèèké, wọ́n ṣírò ti ìkọ̀ọ̀kan, wọ́n sì ṣà wọ́n pọ̀.

Ti òpó tí wọ́n ń rì sínú òkun yàtọ̀. Ní 1950, Morison àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní yunifásítì Berkeley ní Amẹ́ríkà pín agbára ìgbì sí méjì: èyí tó wá láti inú eré tí omi ń sá, àti èyí tó wá láti inú bí eré náà ṣe ń yí padà. Nọ́ńbà méjì tó wà nínú ìṣirò náà, orí kò lè fúnra rẹ̀ rò wọ́n jáde. Inú omi ni wọ́n ti ń wọ̀n wọ́n.