Kí Nìdí Tí A Fi Ń Bomi Rin Kọnkéré Tí Ó Ti Le?

Ìbéèrè: Èmi fúnra mi ni mo da kọnkéré sí ilẹ̀ àgbàlá mi. Ó ti le ní ọjọ́ kejì, síbẹ̀ ẹni tí ó mọ iṣẹ́ náà ní kí n máa bomi rin ín fún ọ̀sẹ̀ kan. Ṣé omi kò ní sọ ọ́ di rírọ̀ padà?

Ìdáhùn: Kò ní rọ̀ rárá. Ohun tí ó ń rú ọ̀pọ̀ ènìyàn lójú ni pé wọ́n ka sìmẹ́ǹtì sí amọ̀. Amọ̀ a máa le nígbà tí omi inú rẹ̀ bá gbẹ, bí omi bá sì tún kàn án, yóò rọ̀. Ti sìmẹ́ǹtì kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí omi gan-an ni ó ń sọ ọ́ di òkúta. Bí omi bá ti kan lẹ́búlẹ́bú náà, àwọn méjèèjì yóò di ohun mìíràn tí ó ń hù tín-ín-rín tín-ín-rín, tí ó ń há mọ́ra láàárín yanrìn àti òkúta wẹ́wẹ́ títí gbogbo rẹ̀ yóò fi di ọ̀kan. Ẹ̀rí rẹ̀ kò jìnnà: àpò sìmẹ́ǹtì tí a gbé sí ibi tí ó rin a máa di òkúta láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pò ó, kọnkéré tí a dà sí ìsàlẹ̀ odò fún òpó afárá sì ń le níbẹ̀, níbi tí kò sí ohun tí ó lè gbẹ.

Ìbéèrè: Bí omi bá ni ó ń mú un le, ṣé kí n kúkú pò ó kí ó ṣàn dáadáa?

Ìdáhùn: Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti ń ṣì í ṣe: a ń fi omi ṣòfò nígbà tí a bá ń pò ó, a sì ń ṣahun omi lẹ́yìn tí a bá ti tẹ́ ẹ tán. Omi tí sìmẹ́ǹtì ń lò láti fi di òkúta kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin ìwọ̀n rẹ̀ lọ, èyí tí í ṣe bíi lítà 12 sí 13 fún àpò oníkílò 50. Bí a bá fi mọ bẹ́ẹ̀, kò ní ṣeé tẹ́, ìdí nìyẹn tí a fi ń lò tó lítà 25. Omi tí ó bá lé kò ní iṣẹ́ kankan tí ó ń ṣe nínú rẹ̀ ju pé kí ó wá ọ̀nà jáde, ihò tí ó bá sì gbà jáde ni yóò sọ kọnkéré náà di ahẹrẹpẹ. Ẹ rántí pé yanrìn tí òjò pa ti gbé omi tirẹ̀ wá, kí ẹ sì yọ ìyẹn nínú ìṣirò.

Kí ẹ tó dà á, ẹ fi ẹ̀yìn ṣọ́bìrì tẹ́ ojú òkìtì náà, kí ẹ wá fi ẹnu ṣọ́bìrì gún un ní ilà-ilà. Bí àwọn ilà náà bá dúró ṣinṣin, ó ti tó. Bí ẹ̀gbẹ́ wọn bá ń fọ́ wẹ́wẹ́, omi kéré, bí wọ́n bá sì wó pọ̀ tí omi ń ṣàn yí ìdí òkìtì náà ká, ó ti pọ̀ jù.

Ìbéèrè: Ìgbà wo ni kí n bẹ̀rẹ̀ sí í bomi rin ín?

Ìdáhùn: Ẹ dúró títí omi tí ń dán lójú rẹ̀ yóò fi lọ, tí ẹ bá fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ tí kò sì ní àpá. Ẹni tí ó bá kánjú ju èyí lọ yóò fi omi ṣan sìmẹ́ǹtì kúrò lójú iṣẹ́ ara rẹ̀. Ẹ wọ́n ọn ni, ẹ má da garawa lé e lórí.

Àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ nìkan kò tó níbi tí oòrùn bá ti mú, nítorí kọnkéré tí ó gbẹ ní ọ̀sán ti dáwọ́ iṣẹ́ dúró ní ọ̀sán náà nìyẹn. Èmi fara mọ́ bíbò ju wíwọ́n lọ: ẹ tẹ́ àpò ìdọ̀họ tí ó rin sí i lórí, tàbí kí ẹ fi ọ̀rá fífẹ̀ bò ó, kí ẹ sì gbé òkúta lé etí rẹ̀ kí afẹ́fẹ́ má baà gba abẹ́ rẹ̀. Ẹ ṣe é fún ọjọ́ 7. Lọ́jọ́ náà, agbára rẹ̀ yóò ti tó nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta èyí tí yóò ní ní ọjọ́ 28, ọjọ́ tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ sábà máa ń dán an wò.

Ìbéèrè: Ó ń lọ́ wọ́ọ́rọ́ nígbà tí mo fọwọ́ kàn án. Ṣé ó ti bàjẹ́ ni?

Ìdáhùn: Rárá o. Bí sìmẹ́ǹtì àti omi ṣe ń di òkúta ni wọ́n ń tú ooru jáde. Nígbà tí wọ́n ń da kọnkéré Hoover Dam, odi ńlá tí wọ́n fi sé odò ní Amẹ́ríkà, láàárín ọdún 1933 sí 1935, ooru náà pọ̀ débi pé wọ́n ri páìpù omi tútù sínú rẹ̀. Ilẹ̀ àgbàlá kò nípọn tó bẹ́ẹ̀.

Ìbéèrè: Bí ó bá ṣì là ńkọ́, lẹ́yìn gbogbo èyí?

Ìdáhùn: Kọnkéré a máa sún kì bí ó ti ń gbẹ. A kò lè ní kí ó má là, ṣùgbọ́n a lè yan ibi tí yóò gbà là fún un. Bí ilẹ̀ náà bá nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 10, ẹ fa ilà tí ó jìn tó sẹ̀ǹtímítà 2.5 sí i ní bíi mítà 2.5 sí 3 síra wọn, nígbà tí ó ṣì rọ̀. Inú ilà yẹn ni yóò là sí, ojú kò sì ní rí i.

Ìbéèrè: Èyí tí mo dà ní ọdún tó kọjá kò rí omi rárá, ó sì ń yọ lẹ́búlẹ́bú. Ṣé kí n bomi rin ín báyìí?

Ìdáhùn: Omi ìsinsìnyí kò lè fi bẹ́ẹ̀ ràn án lọ́wọ́ mọ́. Ẹ fi ìṣó ha á. Bí ó bá jẹ́ òkè nìkan ni ó rọ̀, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì onírin gbo ó mọ́, kí ẹ fi sodium silicate olómi, kẹ́míkà kan tí a fi ń kun kọnkéré, kùn ún, yóò sì mú ojú rẹ̀ le. Bí ìṣó bá ń wọlé láìdúró, ẹ fọ́ ọ kí ẹ tún un dà, kí ẹ sì wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, nítorí sìmẹ́ǹtì tútù ń jó awọ ara. Ẹ bu díẹ̀ nínú àpòpọ̀ tuntun náà sínú agolo méjì. Bí wọ́n bá ti le lọ́jọ́ kejì, ẹ ri ọ̀kan sínú omi, kí ẹ gbé èkejì sínú oòrùn, kí ẹ sì fi ìṣó kan náà ha méjèèjì lẹ́yìn ọjọ́ 7, kí ẹ lè fojú ara yín rí iṣẹ́ tí omi ń ṣe.