Ère Tí Kò Nífun: Bí Wọ́n Ṣe Ń Fi Ìwé Ìròyìn Mọ Òmìrán ní Viareggio

Bí fídíò àwọn ère gàgàrà kánífà Viareggio ní Ítálì bá dé orí fóònù ní Adó tàbí ní Ìjerò, gbólóhùn kan náà ló máa ń jáde lẹ́nu àwọn tó ń wò ó: "Igi ló wà nínú ẹ̀, bébà ni wọ́n kàn fi bò ó lára." Kò yani lẹ́nu. Ilẹ̀ tí Olówè ará Ìsẹ̀ ti gbẹ́ òpó àti ilẹ̀kùn ààfin ni Èkìtì, ilẹ̀ tí odidi orí Ẹpa, ère tí wọ́n ń gbé sórí jó, ti ń jáde láti ara ìtì igi kan ṣoṣo. Ọmọ irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ kò ní í rí ère gàgàrà kó má wá igi lọ sínú rẹ̀. Àṣìṣe náà ṣì ń dunni, torí ibi tí ọgbọ́n iṣẹ́ ọ̀hún wà gan-an ló ń bò mọ́lẹ̀.

Kò sí ìtì igi nínú orí ère Viareggio. Amọ̀ tí wọ́n kọ́kọ́ fi mọ ọ́n pàápàá kò sí níbẹ̀ mọ́. Ẹni tó bá yọjú sínú orí olóṣèlú tí wọ́n fi bébà ṣe, òkùnkùn àti atẹ́gùn ló máa bá pàdé, pẹ̀lú irin àti pákó tẹ́ẹ́rẹ́ tó to bí egungun ẹja.

Ìlú etí òkun ni Viareggio, ní agbègbè Tuscany ní Ítálì. Lọ́dún 1873 ni àwọn ọmọ olówó ibẹ̀ fi òdòdó ṣe kẹ̀kẹ́ ẹṣin wọn lọ́ṣọ̀ọ́, tí wọ́n tò ó gba títì Via Regia kọjá, lásìkò fàájì tó máa ń ṣáájú ààwẹ̀ Lẹ́ńtì. Ogun Àgbáyé Kìíní dá a dúró. Nígbà tó padà dé ní 1921, títì etí òkun ló gbà. Ní 1930, ayàwòrán kan tó ń jẹ́ Uberto Bonetti ya Burlamacco, aláwàdà aláṣọ pupa àti funfun tó di àmì ọdún náà títí dòní. Ìró àgbá mẹ́ta ni wọ́n fi ń ṣí i, ó sì máa ń gba ọjọ́ Ìsinmi bíi mélòó kan kó tó parí. Ní ti orin, oúnjẹ àti aṣọ, kò sí kánífà tí kò ní irú wọn. Inú ère la ń lọ.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ya èbúté ná. Iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi ni Viareggio ń ṣe jẹun. Nígbà tí àwọn ère tí wọ́n ń gbé sórí ọkọ̀ kánífà gba títì kọjá bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn káfíńtà àti alágbẹ̀dẹ tó ń kan ọkọ̀ létí omi wà lára àwọn tí wọ́n pè sí i. Igi, P.O.P. àti aṣọ àpò ìdọ̀họ ni wọ́n ń lò nígbà yẹn, ó sì wúwo. Ṣùgbọ́n wo ohun tí ọwọ́ àwọn ènìyàn yẹn ti mọ̀ tipẹ́: wọ́n á to egungun ìhà ọkọ̀, wọ́n á fi pákó bò ó bí awọ, wọ́n á sì fi inú rẹ̀ sílẹ̀ lófìfo, torí òfìfo inú ọkọ̀ ló ń jẹ́ kó léfòó. Ẹni tó ti kan ọkọ̀ fún ogún ọdún kò nílò kí ẹnikẹ́ni sọ fún un pé ohun ńlá kò gbọdọ̀ kún nínú. Awọ tó fúyẹ́ ju pákó lọ ló kù tí wọ́n ń wá.

Ọdún 1925 ni awọ náà dé. Antonio D'Arliano ni ìlú náà ń kan sáárá sí pé ó mú bébà wọ iṣẹ́ ère wọn, pàápàá ìwé ìròyìn tí wọ́n ti kà tán.

Báyìí ni wọ́n ṣe ń ṣe é. Wọ́n á ya ohun tí wọ́n fẹ́ sórí bébà, wọ́n á ṣe kékeré rẹ̀ wò, ìyẹn ò lọ títí. Lẹ́yìn náà wọ́n á fi amọ̀ mọ orí tàbí ọwọ́ náà bó ṣe máa tóbi tó gan-an. Amọ̀ yìí ni gbogbo ènìyàn rò pé ó jẹ́ ère. Kì í ṣe òun. Kété tí amọ̀ bá ti pé, wọ́n á da P.O.P. lé e lórí, irú èyí tí àwọn tó ń ṣe àjà ilé ń lò, wọ́n á jẹ́ kó le, wọ́n á sì ṣí i kúrò lápá lápá. Iṣẹ́ amọ̀ ti parí nìyẹn. Ohun tó kù lọ́wọ́ wọn ni mọ́ọ̀dù: imú tó yọ síta lára amọ̀ ti di kòtò lára mọ́ọ̀dù, ojú tó jìn ti di òkè. Ẹni tó bá wo inú rẹ̀ á rí i pé ojú ènìyàn ló ń wo òun padà láti ẹ̀yìn ara rẹ̀.

Ohun tó kọ́kọ́ ń wá síni lọ́kàn níbí ni mọ́ínmọ́ín inú agolo. Bí agolo mílíìkì bá ní ìlà yíká, mọ́ínmọ́ín náà á ní ìlà yíká. Bó bá jẹ́ ewé ni, iṣan ewé á hàn lára rẹ̀. Ohun tó bá wà lára mọ́ọ̀dù ló ń lọ sára ohun tó bá inú rẹ̀ jáde, débi pé àmì àtàǹpàkò ẹni tó mọ amọ̀ lè yọ lára ère. Ó dáa títí dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n mọ́ínmọ́ín kún inú agolo dẹ́nu, ẹni tó bá sì tẹ̀ lé àfiwé yìí lọ jìnnà á padà síbi tí àwọn onígbólóhùn igi wà. Ohun tó jọ ọ́ gan-an ni ẹ̀kọ tó gbẹ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ìkòkò. Gbogbo ẹni tó ti fọ ìkòkò ògì rí mọ̀ ọ́n: bí ò bá tètè bu omi sí i, á gbẹ, á sún kì, etí rẹ̀ á máa ṣí díẹ̀díẹ̀, tí o bá sì fi èékánná gbé e, odidi ìpẹ́ kan á bọ́ sílẹ̀ tó tẹ̀ bí ikùn ìkòkò ṣe tẹ̀. Ìpẹ́ yẹn fẹ́lẹ́, ó le, kò sí nǹkan nínú rẹ̀, síbẹ̀ ìkòkò ni ìrísí rẹ̀. Òun ni ère Viareggio. Àfiwé yìí kò tilẹ̀ jìnnà sí òtítọ́ rárá, torí ẹ̀kọ náà ni wọ́n ń sè níbẹ̀: fúláwà àti omi, tí wọ́n rò pọ̀ títí tó fi ki, gẹ́gẹ́ bí aláàdìrẹ ṣe ń se láfún tó fẹ́ fi ya aṣọ.

Wọ́n á fa ìwé ìròyìn ya tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n á rì í sínú ẹ̀kọ fúláwà, wọ́n á wá máa tẹ̀ ẹ́ mọ́ inú mọ́ọ̀dù, ìpele lé ìpele. Ibí ni ọgbọ́n kékeré kan fi ara pa mọ́ sí. Fa ìwé ìròyìn ya láti òkè dé ìsàlẹ̀, á máa lọ tààrà. Fà á láti ọ̀tún sí òsì, á máa ṣe wọ́gọwọ̀gọ. Fọ́nrán bébà ní apá ibi tó kọjú sí, bí igi ṣe ní ọ̀nà tí àáké máa ń là á sí. Nítorí náà, bí ìpele kan bá dùbúlẹ̀, èyí tó tẹ̀ lé e á gbábùú rẹ̀, kí ibi tí ọ̀kan ti lè ya má jẹ́ ibi tí èkejì ti lè ya. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá gbẹ tí wọ́n yọ ọ́, ó ti di ohun tí ìka lè lù kó dún kòkòkò bí igbá. Bébà kan kò lágbára. Bébà tó dábùú bébà, tó sì tẹ̀ bí ìdajì igbá, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn.

Nísinsìnyí, kí ni ìdí tí igi ò fi lè ṣe é? Ẹ jẹ́ ká fi Ẹpa ṣírò. Ká ní orí Ẹpa kan ga ní mítà 1.25, kó sì wọn kílò 25. Èyí kò ṣàjèjì, torí àwọn kan wúwo débi pé alágbára ọmọkùnrin nìkan ló lè fò gun òkìtì pẹ̀lú rẹ̀ lórí láì ṣubú. Àwọn ère tó ga jù ní Viareggio máa ń tó mítà 20. Ìyẹn jẹ́ ìlọ́po 16. Ọ̀pọ̀ á yára sọ pé kílò náà á di ìlọ́po 16. Rárá o. Gíga á di ìlọ́po 16, fífẹ̀ bẹ́ẹ̀, àti láti iwájú dé ẹ̀yìn bẹ́ẹ̀. 16 lọ́nà 16 lọ́nà 16 jẹ́ 4,096. Orí Ẹpa náà á wọn kílò 102,400, ìyẹn ju tọ́ọ̀nù 102 lọ. Kò sí ọrùn tó máa gbé e, kò sí títì tó fẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ awọ nìkan ló ń pọ̀ sí i, tí nínípọn rẹ̀ kò yí padà, 16 lọ́nà 16 ló máa jẹ́, 256 péré. Bí ère ṣe ń ga sí i ni èrè òfìfo ń pọ̀ sí i.

Kò túmọ̀ sí pé agbẹ́gilére Èkìtì kò mọ èyí. Ìdí orí Ẹpa, tí wọ́n ń pè ní ìkòkò, wọ́n ti gbẹ́ inú rẹ̀ jáde kí orí ènìyàn lè wọ̀ ọ́. Ó gbẹ́ ihò dé ibi tí ọrùn ènìyàn nílò, ó sì dúró níbẹ̀, torí ohun tó máa wà fún ìran mẹ́ta ló ń ṣe, kì í ṣe ohun tó máa ga jù ilé alájà márùn-ún lọ.

Fífúyẹ́ náà ló jẹ́ kí ère lè yí orí, kó sì ṣẹ́jú. Àwọn ènìyàn kan wà nínú ọkọ̀ náà tí òǹwòran kò rí, tí wọ́n ń fa okùn tí wọ́n sì ń ti ọ̀pá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀rọ ti gba apá kan iṣẹ́ wọn. Àṣírí wọn kò ju ti mẹ́ruwà lọ, ẹni tó fi ọ̀pá kan gbé garawa méjì sí èjìká: bí omi ọ̀tún bá dọ́gba pẹ̀lú ti òsì, ìka kan tó láti yí ọ̀pá náà ká. Wọ́n á so ẹrù sí ẹ̀yìn tó dọ́gba pẹ̀lú apá tó nà síwájú, ọkùnrin kan á sì gbé apá òmìrán sókè bí ẹni ń gbé ìdérí ìkòkò.

Bébà ní ìṣòro tirẹ̀. Oṣù kejì ọdún ni òtútù àti òjò wà nílùú yẹn, wọ́n sì ti sún ìyíde síwájú rí nítorí ojú ọjọ́. Iná sì fẹ́ràn bébà ju òjò lọ: ní 1960, ó jó àwọn àká tí wọ́n ti ń kọ́ ère. Láti 2001, àká ńlá 16 tó yí gbàgede kan ká ni wọ́n ń lò.

Ìdíje ni gbogbo rẹ̀ dúró lé, ìpele sì wà nínú rẹ̀ bíi líìgì bọ́ọ̀lù. Ẹni tó bá gbẹ̀yìn lára àwọn ọkọ̀ ńlá lè já sí ìpele kejì, kí ẹlòmíràn sì gòkè. Ìyẹn ń mú kí ọwọ́ wọn já fáfá, kò sí àní-àní. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń bẹ̀rù àtijá kì í fẹ́ dákẹ́. Ère kan á ní orí mẹ́rin tó ń yí, ìyẹ́ tó ń gbọ̀n àti ẹnu tó ń là, nígbà tí ojú kan ṣoṣo tí wọ́n mọ dáadáa ì bá ti tó. Ẹpa kì í ṣẹ́jú, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó ń bojú wẹ̀yìn nígbà tó bá yọ.

Ohun kan ló kù tí kò hàn nínú fídíò. Àwọn olóṣèlú ni ère wọ̀nyí máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ jù. Ìwé ìròyìn tó gbé àwòrán ọkùnrin náà jáde pẹ̀lú ìlérí rẹ̀ ni wọ́n ya, ni wọ́n rì sínú ẹ̀kọ, ni wọ́n fi ṣe ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Wọ́n á kun ún, wọ́n á fi ọ̀dà bo gbogbo lẹ́tà. Bí kánífà bá parí, wọ́n á tú u palẹ̀, irin á padà sí àká fún ọdún tó ń bọ̀. Amọ̀ tí wọ́n kọ́kọ́ fi mọ imú rẹ̀ ti kúrò nílẹ̀ tipẹ́ ṣáájú ìyẹn: wọ́n ti bu omi sí i, wọ́n ti pò ó, etí ẹlòmíràn ni wọ́n ti fi mọ.