Ohùn Tó Kéré Nínú Ìpàdé Orí Fóònù: Ibi Tí Àtúnṣe Rẹ̀ Wà

Àwọn akọ̀wé ẹgbẹ́ àti àwọn tó ń darí ìpàdé ẹbí lórí fóònù máa ń bi àwa tí a ń ṣiṣẹ́ ohùn léèrè ìdí tí ohùn ẹ̀gbọ́n tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù fi ń dun àwọn létí, nígbà tí ti bàbá tó wà ní Òṣogbo, nínú ìpàdé kan náà, kò tilẹ̀ jáde dáadáa. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń dá lẹ́bi. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí kò dára a máa gé ọ̀rọ̀ sí wẹ́wẹ́, ṣùgbọ́n kì í sábà sọ ohùn di kékeré, nítorí pé nọ́ńbà ni tẹlifóònù òde òní ń sọ ohùn dà kí ó tó gbé e rìn, nọ́ńbà kì í sì í dínkù nítorí pé ọ̀nà jìn. Bí ohùn bá kéré nígbà tó dé ọ̀dọ̀ yín, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé ó ti kéré kí ó tó kúrò lọ́dọ̀ ẹni tó sọ ọ́.

Àlàfo tó wà láàárín ẹnu àti máìkì ló ń fa èyí tó pọ̀ jù nínú ìṣòro náà. Nígbàkigbà tí àlàfo yìí bá di ìlọ́po méjì, ohùn tó ń wọ máìkì yóò fi nǹkan bí dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 6 dínkù (dẹ́síbẹ́ẹ̀lì ni òṣùwọ̀n tí a fi ń mọ bí ohùn ṣe pọ̀ tó). Ká ní máìkì ẹnì kan fi sẹ̀ǹtímítà 5 jìnnà sí ẹnu rẹ̀, tí ẹlòmíràn sì gbé fóònù tirẹ̀ sórí tábìlì ní sẹ̀ǹtímítà 80, ìlọ́po méjì lọ́nà mẹ́rin nìyẹn, ó sì já sí dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 24. Lóòótọ́, bí a bá tẹ sípíkà, fóònù a máa fi agbára kún ohùn fúnra rẹ̀, àmọ́ agbára yẹn kò mọ ọ̀rọ̀ yàtọ̀ sí ariwo fáànù, jẹnẹrétọ̀ àti ìró tó ń ta padà lára ògiri. Ńṣe ló ń gbé gbogbo wọn sókè pọ̀.

Ẹni tó ń gbọ́ kò lè tún èyí ṣe láti ọ̀dọ̀ tirẹ̀. Ẹ̀rọ tó so ìpàdé pọ̀ a máa da ohùn gbogbo ènìyàn pọ̀ di ọ̀kan, a yọ ti olúkúlùkù kúrò nínú ohun tí yóò dá padà fún un, a sì fi ìyókù ránṣẹ́. Láti ìgbà yẹn lọ, ohùn bàbá ti di iyọ̀ inú ọbẹ̀. Bí ẹ bá yí fóònù yín sókè nítorí tirẹ̀, ti ẹ̀gbọ́n náà ni yóò kọ́kọ́ dé etí yín.

Nítorí náà, kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀, kí olùdarí ní kí olúkúlùkù dárúkọ ara rẹ̀, kí ó sì ka ení dé ẹẹ́wàá bó ṣe ń sọ̀rọ̀ lójoojúmọ́. Ẹnì kan péré ni kí ó máa fetí sí wọn, kò sì gbọdọ̀ fọwọ́ kan bọ́tìnì ohùn fóònù rẹ̀ títí wọn yóò fi kà á tán. Ẹ má ṣe sọ fún ẹni tí ohùn rẹ̀ kéré pé kí ó pariwo, nítorí kò ní lè pariwo fún wákàtí kan, àti pé ariwo a máa fọ́ nínú máìkì. Ohun tó yẹ ní sísọ ni, “Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ pa sípíkà, kí ẹ gbé fóònù sétí.” Bí àwọn púpọ̀ bá ń lo fóònù kan nínú yàrá kan, kí wọ́n máa gbé e fún ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn. Ẹ tún wo ihò máìkì, ihò kékeré tó wà nísàlẹ̀ fóònù, nítòsí ojú tí a ń ki ṣájà sí: mo ti rí ọ̀pọ̀ èyí tí àpò fóònù bò tàbí tí ìdọ̀tí dí. Ti ẹni tí ohùn rẹ̀ ń dunni létí rọrùn jù. Kí ó gbé máìkì íápíìsì rẹ̀ jìnnà sí ẹnu díẹ̀. Kí àwọn tí kò sọ̀rọ̀ pa máìkì wọn, torí pé ariwo ilé kọ̀ọ̀kan ń kún ara wọn.

Ẹgbẹ́ tó bá ní ẹ̀rọ ìpàdé tirẹ̀, bíi èyí tí a fi Asterisk, ètò kọ̀ǹpútà tó ń so ìpè fóònù pọ̀, ṣe, ní àǹfààní kan tí àwọn tó kù kò ní. Wọ́n lè fi AGC, ìyẹn ètò tó ń mú ohùn kékeré wá sókè tó sì ń rẹ ńlá sílẹ̀, sí ìlà olúkúlùkù kí ohùn tó dàpọ̀. Mi ò gbà pé kí a gbára lé e nìkan. Bí ẹnì kan bá dákẹ́, AGC á máa wá ohun tí yóò gbé sókè, á sì rí jẹnẹrétọ̀ rẹ̀. Asterisk kan náà ní DENOISE tó ń dín ariwo kù, ẹ lo méjèèjì pọ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ gba ìpàdé sílẹ̀, ẹ gbà á kí ohùn kọ̀ọ̀kan wà nínú fáìlì tirẹ̀. Zoom ní ibi tí a ti ń ṣètò èyí lórí kọ̀ǹpútà. Nínú Audacity, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń tún ohùn tí a gbà sílẹ̀ ṣe, ẹ kọ́kọ́ gé gbogbo ìró tó wà nísàlẹ̀ 200 Hz kúrò (Hz ni a fi ń wọn bí ìró ṣe rinlẹ̀ tàbí ṣe tínrín sí), nítorí pé láti nǹkan bí 300 sí 3,400 Hz ni ìlà tẹlifóònù àtijọ́ ń gbé, ohun tó wà nísàlẹ̀ ibẹ̀ kì í sábà ju ìkùn ẹ̀rọ lọ. Lẹ́yìn náà, ẹ lo Loudness Normalization, tó ń mú ohùn dé ìwọ̀n kan náà, fún ohùn kọ̀ọ̀kan, kí ẹ tó dà wọ́n pọ̀. Bí fáìlì bá jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo, ọwọ́ ni ẹ ó fi gé e níbi tí ẹnì kan ti dákẹ́ tí ẹlòmíràn gbà á, kí ẹ sì gbé ti bàbá sókè ní ẹyọ ẹyọ. Iṣẹ́ náà ń jẹ àkókò, àmọ́ ó sàn ju kí ẹ fi Compressor, ètò tó ń rẹ ohùn ńlá sílẹ̀, tẹ gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.