Fáìlì kì í kìlọ̀ pé òun fẹ́ tán

Ìlà kan wà nínú kóòdù C, ọ̀kan lára èdè tí a fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, tí ojú ẹni tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ yìí kì í fẹ́ rí: while (!feof(f)). Ohun tí ẹni tó kọ ọ́ ní lọ́kàn ni pé kí ètò kọ̀ǹpútà náà máa kà lọ níwọ̀n ìgbà tí fáìlì kò bá tíì tán. Létí, kò sí ohun tó burú níbẹ̀. Ká wá ní orúkọ mẹ́ta ló wà nínú fáìlì náà, ọ̀kọ̀ọ̀kan lórí ìlà tirẹ̀: Àdùkẹ́, Bísí, Kúnlé. Ètò yóò fi fgets ka ìlà kan, yóò fi printf gbé e síta, yóò tún padà lọ ka òmíràn. Ohun tí yóò jáde ni Àdùkẹ́, Bísí, Kúnlé, Kúnlé. Kúnlé ti di ìbejì.

Ẹ̀bi kò sí lọ́wọ́ feof, torí kì í wo iwájú. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló ń dáhùn: ṣé a ti kà débi tí a kan òpin? Nígbà tí fgets ka Kúnlé, ibi àmì òpin ìlà ló dúró sí, kò kọjá ibẹ̀, kò sì tíì kan òpin fáìlì. Feof ní rárá, òótọ́ ló sì sọ. Ètò tún lọ kà, fgets kò bá nǹkan kan, ó dá NULL padà, ìyẹn àmì pé kò rí nǹkan kà, kò sì fọwọ́ kan ohun tó wà nínú buffer, ibi tó ń kó ohun tó bá kà sí. Kúnlé àná ṣì jókòó síbẹ̀. Níwọ̀n bí ẹni tó kọ kóòdù kò ti wo èsì fgets, printf gbé Kúnlé jáde lẹ́ẹ̀kejì.

Kì í ṣe òmùgọ̀ ló ń fa èrò yìí. Nínú Pascal, èdè tí Niklaus Wirth gbé jáde ní 1970, eof a máa sọ tẹ́lẹ̀: ẹ bi í kí ẹ tó kà, yóò sì sọ bóyá nǹkan ṣẹ́kù. Ó wuni, àmọ́ kò sí bí ó ṣe lè mọ̀ láìyọjú wo ohun tó kàn. Lórí fáìlì inú dísìkì, kò sí wàhálà. Tó bá wá jẹ́ ènìyàn ló jókòó nídìí kíbọ́ọ̀dù ńkọ́? Ètò ní láti dúró kí ẹni náà tẹ nǹkan kí ó tó lè mọ̀ bóyá ó ṣì ní nǹkan tó fẹ́ tẹ̀. Nínú àwọn Pascal ìbẹ̀rẹ̀, ètò a máa retí èsì nígbà tí kò tíì béèrè ìbéèrè. C kò gba ọ̀nà yẹn, ó sì dára bí kò ṣe gbà á.

Ẹ wo àmù omi tí inú rẹ̀ ṣókùnkùn, tí ojú kò tó ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ọ̀nà kan ṣoṣo tí a fi lè mọ̀ pé omi tán ni kí á ti igbá bọ̀ ọ́, kí igbá sì jáde lófìfo. Igbá tó jáde ní ìlàjì kò sọ pé omi tán. Ó lè jẹ́ pé bí ọwọ́ ṣe wọlé ló rí bẹ́ẹ̀. Bí read, àṣẹ tí ètò fi ń ka nǹkan, ṣe ń ṣe lórí Unix, ètò ìṣàkóso kọ̀ǹpútà, nìyẹn. Ẹ béèrè báìtì 4096, ó lè fún yín ní 4096, ó lè fún yín ní 37, kò sì sí èyí tó jẹ́ òpin nínú méjèèjì. Àyàfi tó bá dá 0 padà. Tó bá wá jẹ́ páìpù tó so ètò méjì pọ̀, ẹlòmíì ló ń pọnmi sínú àmù náà. Bí kò bá sí omi níbẹ̀ báyìí, ṣùgbọ́n tí apọnmi ṣì wà lọ́nà odò, read kò ní sọ pé ó tán, yóò dúró dè é. Ìgbà tí gbogbo àwọn tó lè pọnmi síbẹ̀ bá ti gbé korobá wọn kalẹ̀ ni yóò tó dá 0 padà. Gbogbo wọn, a ní. Ètò tó ń ka páìpù, tó gbàgbé láti pa ẹnu ibi ìkọ̀wé páìpù kan náà tó wà lọ́wọ́ ara rẹ̀, ti di apọnmi tó jókòó ti àmù, tó ń retí kí òun fúnra rẹ̀ ti odò dé. Ọ̀pọ̀ ètò tó dákẹ́ láìkú, ohun tó ń ṣe wọ́n nìyẹn.

Àwọn kan ṣì gbà pé báìtì kan wà ní ìparí gbogbo fáìlì tó ń jẹ́ EOF (end of file, òpin fáìlì). Kò sí. Kernel, ọkàn ètò ìṣàkóso kọ̀ǹpútà, mọ iye báìtì tó wà nínú fáìlì. Tí a bá ti kà wọ́n tán, 0 ló kù tó lè fún wa. Àmọ́ ìgbà kan wà tí irú báìtì bẹ́ẹ̀ wà lóòótọ́. CP/M, ètò ìṣàkóso kọ̀ǹpútà ayé àtijọ́, kì í fi báìtì ka gígùn fáìlì, ìdìpọ̀ báìtì 128 ló fi ń kà á, nítorí náà ìwé tó bá parí sí àárín ìdìpọ̀ nílò àmì kan, àmì ọ̀hún sì ni báìtì 26, ìyẹn Ctrl-Z. MS-DOS mọ gígùn fáìlì dé orí báìtì, síbẹ̀ ó jogún àmì náà, Windows sì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Títí di òní, bí ètò C bá ṣí fáìlì lórí Windows ní ipò ọ̀rọ̀ lásán, báìtì 26 àkọ́kọ́ tó bá bá pàdé ni yóò pè ní òpin. Àwọn tó ṣe PNG tiẹ̀ sọ ọ́ di àǹfààní: ó wà lára báìtì 8 tó ṣáájú gbogbo fáìlì PNG, kí ẹni tó bá ṣèèṣì fi àṣẹ type ti DOS wo àwòrán má baà rí wúruwùru kún ojú kọ̀ǹpútà rẹ̀.

Ctrl-D ti Unix kò jọ ìyẹn rárá, òun sì ló dùn jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Tí a bá tẹ̀ ẹ́, kò sí báìtì kankan tó ń dé ọ̀dọ̀ ètò. Kernel a máa kó ohun tí a ń tẹ̀ jọ títí a ó fi tẹ Enter, kí ó tó gbé ìlà náà fún ètò tó ń dúró. Ctrl-D kàn ń sọ fún un pé: gbé ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ fún un báyìí, má dúró de Enter. Bí kò bá sí nǹkan kan lórí ìlà, òfo ló wà lọ́wọ́, read dá 0 padà, ètò sì gbà pé òpin dé. Ìdí nìyí tí ẹni tó bá wà láàárín ìlà fi ní láti tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ ṣí cat, ètò tó ń tún ohun tó bá kà gbé síta, ẹ tẹ "ẹ kú", kí ẹ wá tẹ Ctrl-D: cat yóò tún "ẹ kú" kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ tiyín, yóò sì máa dúró. Ẹ tún un tẹ̀, yóò parí. Ẹnikẹ́ni kò ṣe òfin ọ̀tọ̀ fún òpin níbẹ̀. Inú "gbé ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ" ló ti yọ jáde.

Ṣé òpin yìí wá jẹ́ títí láé? Lójú kernel, rárá. Lẹ́yìn 0, ẹni tó wà nídìí kíbọ́ọ̀dù lè tún tẹ nǹkan, fáìlì lè gùn sí i, orí èyí sì ni tail -f, àṣẹ tó ń tẹ̀lé fáìlì bó ṣe ń gùn sí i, gbé iṣẹ́ rẹ̀ kà. Láíbúrárì C ló ní kí òpin lẹ̀ mọ́ni: tí ìṣàn, ìyẹn fáìlì tí a ṣí fún kíkà, bá ti kan òpin lẹ́ẹ̀kan, àmì kan yóò wà lára FILE, ibi tí láíbúrárì ń tọ́jú ipò ìṣàn náà sí, gbogbo kíkà tó bá tẹ̀lé e yóò sì máa gba EOF títí a ó fi lo clearerr tàbí irú rẹ̀ láti pa àmì náà rẹ́. Bí ìlànà C99 ṣe wí nìyẹn. Ọ̀pọ̀ ọdún ni glibc, láíbúrárì tí ọ̀pọ̀ jù lọ Linux ń lò, kò fi tẹ̀lé e délẹ̀, ẹ̀dà 2.28 ti ọdún 2018 ló tún un ṣe, pẹ̀lú ìkìlọ̀ pé ó ṣeé ṣe kó kan àwọn ètò tó ń ka ohun tí ènìyàn ń tẹ̀ jù. Àtúnṣe náà bá òfin mu. Síbẹ̀, kernel àti láíbúrárì ṣì ń pe ohun méjì ní òpin, ẹni tó ń kọ ètò ló sì wà láàárín wọn.

Ọ̀rọ̀ -1, nọ́ńbà tí C sábà máa ń fi ṣe EOF, kò gba àlàyé púpọ̀. Báìtì lè jẹ́ iye 256, láti 0 dé 255, gbogbo wọn ló sì lè wà nínú fáìlì, nítorí náà EOF ní láti jẹ́ ìkẹtàdínlọ́gọ́ta lé ní igba. Ìdí tí fgetc, tó ń ka báìtì kan lẹ́ẹ̀kan, fi ń dá int padà nìyẹn, irú nọ́ńbà tó fẹ̀ ju báìtì kan lọ. Ẹni tó bá tọ́jú èsì rẹ̀ sínú char, tí kò fẹ̀ ju báìtì kan lọ, lórí ẹ̀rọ x86, níbi tí char sábà máa ń ní iye tó kéré sí òdo, báìtì 255, ìyẹn ÿ nínú Latin-1 (ọ̀nà kan tí a fi ń sọ lẹ́tà di nọ́ńbà), yóò dà bí EOF, kíkà yóò sì dúró láàárín fáìlì. Ẹ gbé kóòdù kan náà lọ sórí Linux ti ẹ̀rọ ARM, níbi tí char kì í kéré sí òdo, kò ní dúró láéláé.

Àléébù tó wà níbẹ̀ gan-an ni pé EOF kan náà ni fgetc ń dá padà bí fáìlì bá tán àti bí dísìkì bá bàjẹ́. Ibẹ̀ ni feof ti wúlò: kí kíkà kọ́kọ́ kùnà, kí lúùpù while (fgets(buf, sizeof buf, f)) parí, kí á tó wá bi feof àti ferror pé èwo nínú àwọn méjèèjì ló ṣẹlẹ̀.