Ohùn ń já lórí ìpè, bẹ́ẹ̀ òfin QoS wà níbẹ̀: bí a ṣe ń wá ìdí rẹ̀

Ilé iṣẹ́ tó ní ọ́fíìsì àgbà ní Broad Street, ní Erékùṣù Èkó, tó tún ní ẹ̀ka ní Ìkẹjà, sábà máa ń kó ìpè orí íntánẹ́ẹ̀tì, ìpàdé onífídíò, iṣẹ́ ìṣirò owó àti bakọ́ọ̀pù (ẹ̀dà dátà tí a ń fi pamọ́) gba orí okùn íntánẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo. Ètò tí àwọn oníṣẹ́ nẹ́tíwọ̀kì ń pè ní QoS ló ń pinnu èyí tí yóò kọ́kọ́ kọjá nínú wọn nígbà tí àyè kò bá gba gbogbo wọn. Kì í sọ okùn tóóró di gbòòrò. Ibi tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ bá wà nìkan ni agbára rẹ̀ ti ń hàn, ìyẹn ibi tí pákẹ́ẹ̀tì, àwọn ègé kéékèèké tí a gé dátà sí, ti ń tò dúró de ara wọn; ìdí nìyí tí ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tó ń já ohùn àwọn olùpè fi gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wá ibi tí ìtò náà wà, kó tó máa tún òfin kọ.

Sọ́fítíwíà tí a fi ń bójú tó nẹ́tíwọ̀kì lè fi àmì aláwọ̀ ewé hàn pé òfin ti wọlé. Ohun tí àmì yẹn ń sọ kò ju pé a fi òfin ránṣẹ́ sí ráútà, ẹ̀rọ tó ń darí pákẹ́ẹ̀tì lọ síbi tó yẹ, ráútà sì gbà á. Bóyá pákẹ́ẹ̀tì kankan bá òfin náà mu, òǹkà abẹ́ ìpín kọ̀ọ̀kan tí òfin pín pákẹ́ẹ̀tì sí, bíi ìpín ohùn tàbí ti fídíò, ló lè sọ ọ́. Bí òǹkà ìpín ohùn bá dúró sórí 0 nígbà tí àwọn ènìyàn ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù lọ́wọ́, ó lè jẹ́ pé ìpín mìíràn tó wà lókè rẹ̀ ti kó àwọn pákẹ́ẹ̀tì náà lọ, nítorí pé láti òkè wá sí ìsàlẹ̀ ni ráútà ń ka òfin, èyí tó bá kọ́kọ́ bá a mu ni yóò sì lò. Ó tún lè jẹ́ pé pọ́ọ̀tì mìíràn (ojú ibi tí wáyà ti ń wọ ráútà) ni a gbé òfin lé, tàbí pé ohun tó ń wọlé ni a kọ ọ́ fún dípò ohun tó ń jáde. Bí kò bá sí èyíkéyìí nínú ìwọ̀nyí, ọ̀rọ̀ kan àmì ara pákẹ́ẹ̀tì.

Àmì náà ni DSCP, nọ́ńbà tó ń sọ irú ìtọ́jú tí pákẹ́ẹ̀tì fẹ́, tí RFC 2474, ìwé ìlànà íntánẹ́ẹ̀tì ti ọdún 1998, ṣàlàyé: bíìtì 6 ni nínú orí pákẹ́ẹ̀tì IP, iye rẹ̀ sì lè jẹ́ 0 títí dé 63. 46 ni a sábà máa ń fún ohùn, 34 ni ti fídíò ìpàdé, 0 sì ni ti ohun tí kò ní àmì. Wireshark, sọ́fítíwíà tí a fi ń wo inú pákẹ́ẹ̀tì, yóò fi iye yìí hàn, ṣùgbọ́n ibi méjì ni kí a ti wò ó: ẹ̀gbẹ́ fóònù àti ẹnu ọ̀nà ráútà. Bí 46 bá kúrò lára fóònù tó sì di 0 kó tó dé ráútà, switch kan láàárín, ìyẹn ẹ̀rọ tó so àwọn ẹ̀rọ inú ọ́fíìsì pọ̀, ló nù ún dànù. Àwọn switch Cisco Catalyst àtijọ́ kan a máa ṣe bẹ́ẹ̀ bí a bá tan QoS lórí wọn láìsọ fún wọn pé kí wọ́n gba àmì tó wọlé gbọ́.

Ọ̀ràn mìíràn tó ń dààmú ọ́fíìsì Èkó ni ti ìwọ̀n okùn. Ká ní Mbps 20 (Mbps ni ìwọ̀n ìyára okùn) ni ilé iṣẹ́ ń sanwó fún, ṣùgbọ́n pọ́ọ̀tì tí wáyà olùpèsè íntánẹ́ẹ̀tì wọ̀ jẹ́ Mbps 1000. Lójú ráútà, àyè pọ̀ rẹpẹtẹ, nítorí náà ìtò kò ní wáyé lọ́dọ̀ rẹ̀ rárá. Ọ̀dọ̀ olùpèsè ni yóò ti wáyé, níbi tí ẹ̀rọ ti ń da pákẹ́ẹ̀tì nù láìbéèrè bóyá ohùn ni tàbí bakọ́ọ̀pù. Ìwòsàn rẹ̀ ni kí a fi ìwọ̀n tó dín díẹ̀ sí ti okùn, bíi Mbps 18, ṣe òpin fún ohun tó ń jáde lórí ráútà, kí ìtò lè wà níbi tí òfin ti lè rí i. Èyí a máa ṣiṣẹ́ dáadáa títí àwọn tó ń gbẹ́ ojú títì yóò fi gé fáíbà, ìyẹn wáyà olùpèsè náà. Nígbà náà, ráútà yóò bọ́ sórí okùn ìrànwọ́, ó lè jẹ́ rédíò tó ń gbé íntánẹ́ẹ̀tì tàbí 4G tí kò ju Mbps 8 lọ, síbẹ̀ 18 ni òfin ṣì ń kà. Ìtò yóò ṣí lọ sínú rédíò, ohùn yóò bẹ̀rẹ̀ sí í já, gbogbo ènìyàn yóò sì máa pariwo pé QoS ti bàjẹ́, nígbà tí kò sí ẹni tó fọwọ́ kàn án. Okùn kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní òfin àti ìwọ̀n tirẹ̀. Ní ti ohun tó ń wọlé, agbára ilé iṣẹ́ kò tó nǹkan níbẹ̀, nítorí pé ìtò ti wáyé kí ó tó dé ọwọ́ rẹ̀.

Bí Broad Street àti Ìkẹjà bá ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì gbogbogbòò, kò sí ohun tó fi dandan lé olùpèsè láti bọ̀wọ̀ fún 46, àyàfi bí àdéhùn okùn àdáni bá sọ ọ́. Bí VPN, ọ̀nà ìkọ̀kọ̀ tó ń bo pákẹ́ẹ̀tì mọ́lẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, bá wà, kí a pín pákẹ́ẹ̀tì sí ìpín wọn kí ó tó wọ inú rẹ̀, nítorí pé lẹ́yìn náà ráútà kò ní rí nọ́ńbà pọ́ọ̀tì tó wà nínú pákẹ́ẹ̀tì mọ́, ìyẹn nọ́ńbà tó ń tọ́ka sí irú iṣẹ́ tó ń ṣe, kì í ṣe ojú wáyà.

Iná tún wà ńbẹ̀. Bí NEPA bá mú iná lọ, tí jẹnẹrétọ̀ sì pẹ́ kó tó gbà á, ráútà tí kò ní UPS (bátìrì ìrànwọ́) tó dára yóò kú, yóò sì tún jí. Òfin tí a kọ sí i láìfi pamọ́ yóò ti lọ, ṣùgbọ́n àkọsílẹ̀ inú sọ́fítíwíà lè ṣì máa sọ pé ó wà títí yóò fi tún fi ara rẹ̀ wé ráútà. Kí a fi ojú ara wa wo ohun tó wà lórí ráútà gan-an.

Àwòrán tí sọ́fítíwíà ń yà náà lè tan ènìyàn jẹ. Ìpíndọ́gba ìṣẹ́jú 5 lè sọ pé okùn kò tíì lò dé ìdajì, nígbà tí ó kún fọ́fọ́ fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan láàárín rẹ̀, àkókò yẹn sì ti tó láti gé ọ̀rọ̀ lẹ́nu olùpè. Òǹkà pákẹ́ẹ̀tì tí a dà nù ló ń sọ òótọ́. Ìdànù náà lè wáyé nínú ìpín ohùn fúnra rẹ̀: ìpè kan tó ń lo G.711, ọ̀nà kan tí a fi ń sọ ohùn di dátà, ń gba nǹkan bíi kbps 80 (kbps 1000 ló wà nínú Mbps 1), láìka orí tí Ethernet, ìlànà wáyà inú ọ́fíìsì, ń fi kún pákẹ́ẹ̀tì mọ́ ọn, nítorí náà kbps 800 tí a yà sọ́tọ̀ gba ìpè 10. Bí okùn bá kún tí ìpè kọkànlá sì wọlé, ráútà yóò máa da pákẹ́ẹ̀tì nù nínú ìpín náà láìyan ẹnì kan láàyò, mọ́kànlá gbogbo ni yóò sì máa já.

Lẹ́yìn àtúnṣe, kí a pa òǹkà rẹ́ sí 0 kí a tó dán an wò, nítorí pé iye àtẹ̀yìnwá yóò da ojú rú. Kí a wá pe Ìkẹjà láti Broad Street ní àkókò iṣẹ́, kí bakọ́ọ̀pù máa lọ lọ́wọ́, kí a ṣe é lórí fáíbà, kí a sì tún ṣe é lórí okùn ìrànwọ́.