Pátákó Ìdìròkò àti Ìgòlò: Èdè Ta Ni Wọ́n Kọ Síbẹ̀?

Ìbéèrè: Yorùbá ni wọ́n ń sọ ní Ìdìròkò, ní ibodè Nàìjíríà, òun náà ni mo gbọ́ nígbà tí mo kọjá sí Ìgòlò ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀. Kí ló dé tí pátákó ìhín fi jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, tí tọ̀hún jẹ́ Faransé?

Ìdáhùn: Èdè ẹni tó ri pátákó mọ́lẹ̀ ló ń wà lára rẹ̀, kì í ṣe èdè ẹni tó ń kọjá. Lọ́dún 1889 ni Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé jókòó ní Paris, tí wọ́n fa ààlà sí ilẹ̀ yìí. Kétu bọ́ sọ́wọ́ Faransé, Ìmẹ̀kọ tó jẹ́ ọmọ Kétu bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn òyìnbó ti lọ, èdè ìwé wọn kò bá wọn lọ. Ìdí nìyẹn tí aṣọ́bodè ọ̀hún fi ń jẹ́ “Douane”, tí tiwa ń jẹ́ “Customs”.

Ìbéèrè: Ṣé òfin ló ní kí wọ́n má kọ Yorùbá síbẹ̀ ni?

Ìdáhùn: Rárá o. Òfin Bẹ̀nẹ̀ ti 1990 ní Faransé ni èdè ìjọba, àmọ́ abala 11 ìwé òfin kan náà ní kí ìjọba gbé àwọn èdè ìbílẹ̀ lárugẹ. Ó kàn jẹ́ pé kò sẹ́ni tó ń béèrè lọ́wọ́ wọn.

Ìbéèrè: Mo rí “Pobè” àti “Kétou” lójú ọ̀nà. Kí ni àmì orí “e” ń ṣe níbẹ̀?

Ìdáhùn: Ibi tó ti ń dojú rú nìyí. Lọ́dọ̀ wa, ohùn ni àmì orí fáwẹ̀lì ń tọ́ka sí. Faransé kò ní ohùn bẹ́ẹ̀: “è” wọn ni “ẹ” wa, “é” wọn ni “e”, “ou” sì ni “u”. Pé àmì “Kétou” bá ohùn tiwa mu, kòńgẹ́ lásán ni. Ẹni tó bá fi ojú Ìbàdàn ka “Pobè” kò ní mọ̀ pé Ìpóbẹ̀ ni wọ́n ń wí.

Ìwé Yorùbá ti Bẹ̀nẹ̀ tún wá yàtọ̀ sí ìyẹn. Álífábẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ṣe fún àwọn èdè ìbílẹ̀ wọn ní 1975 kì í fi àmì sísàlẹ̀ lẹ́tà. Wọ́n ń kọ “ɛ” fún “ẹ”, “ɔ” fún “ọ”, “sh” fún “ṣ”, “kp” fún “p”. “Ọpẹ́” a di “ɔkpɛ́”. Bí ìjọba méjèèjì bá gbà lọ́la láti kọ Yorùbá sí ibodè, àkọtọ́ ni wọn óò kọ́kọ́ jà lé. Ní tèmi, kí wọ́n kọ méjèèjì, pàápàá sára pátákó ewu.

Ìbéèrè: Báwo wá ni ẹni tí kò mọ̀wé ṣe ń rìn?

Ìdáhùn: Ẹnu ló ń lò. Àwòrán pọ̀ lára àmì ojú ọ̀nà, apá ọ̀tún náà sì ni wọ́n ń wa ọkọ̀ sí ní ìhà méjèèjì, láti 1972 tí Nàìjíríà ti fi apá òsì sílẹ̀. Ẹni tó ń ta kpayo, epo bẹntiróòlù tó ń yọ́ wọlé láti Nàìjíríà, kò tilẹ̀ kọ nǹkan kan. Ìgò epo tó tò sórí tábìlì ti polówó fún un.

Ìbéèrè: “ECOWAS” àti “CEDEAO” ńkọ́, ṣé ẹgbẹ́ méjì ni?

Ìdáhùn: Ẹgbẹ́ kan náà ni, ti àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Gẹ̀ẹ́sì ló ń pè é ní ti àkọ́kọ́. Faransé àti Pọtogí ló jọ ń pè é ní èkejì.