Ẹni tó ń sìn ní AmeriCorps: ṣé ó lè gba food stamp?

Ìbéèrè: Ọmọ wa wọ AmeriCorps lóṣù tó kọjá níbí ní Amẹ́ríkà. Owó tí wọ́n ń fún un kò tó jẹun. Ẹnìkan ní kó lọ gba food stamp, ìrànwọ́ ìjọba fún owó oúnjẹ, ẹlòmíràn ní wọn ò ní fún un torí ó ti ń gbowó. Ta ni ká gbọ́ tirẹ̀?

Kò sẹ́ni tó purọ́ nínú àwọn méjèèjì. Ẹ̀ka tí ọmọ yín wà ló máa sọ ta ló jàre. Iṣẹ́ náà jọ ti agùnbánirọ̀ wa nílé, àfi pé wọn kì í fi dandan mú ẹnikẹ́ni wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n òfin méjì ló wà lẹ́yìn rẹ̀. VISTA, ẹ̀ka tó ń gbógun ti òṣì, wà lábẹ́ òfin 1973. Ẹ̀ka State and National àti ẹ̀ka NCCC wà lábẹ́ òfin 1990 tí wọ́n tún ṣe ní 1993. Kí ẹ tó dé ọ́fíìsì kankan, ẹ bi ọmọ náà pé, "Ẹ̀ka wo lo wà?" Ó wà nínú ìwé àdéhùn tó fọwọ́ sí.

Ìbéèrè: State and National ló ní òun wà.

Ó bọ́ sí i nìyẹn. Òfin ní wọn kò gbọdọ̀ ka owó ìgbọ́bùkátà AmeriCorps mọ́ owó tó ń wọlé fún un nígbà tí wọ́n bá ń wò bóyá SNAP tọ́ sí i. (SNAP ni food stamp ń jẹ́ láti 2008, ẹnu wa ni kò tíì kúrò lórí orúkọ àtijọ́.) Òdo ni kí wọ́n kọ síbẹ̀. Bó bá ń ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ Sátidé, wọ́n á ka ìyẹn. Ní ti àwọn NCCC, ibùdó ni wọ́n ń gbé, ibẹ̀ ló sì ń bọ́ wọn, ọ̀rọ̀ yìí kì í sábà kàn wọ́n.

Ìbéèrè: Ó lọ. Òṣìṣẹ́ tó gba fọ́ọ̀mù rẹ̀ ní owó rẹ̀ ti pọ̀ jù.

Ibí gan-an lọ̀pọ̀ ti ń kọsẹ̀. Ìjọba àpapọ̀ ń gba owó orí lórí owó AmeriCorps, W-2, ìwé tó ń sọ iye tí wọ́n san fún èèyàn lọ́dún, sì ń tẹ̀lé e bíi ti òṣìṣẹ́ yòókù. Òṣìṣẹ́ káúńtì rí W-2, ó rí ìwé owó tí wọ́n san, ọwọ́ rẹ̀ lọ tààrà sí àyè owó iṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà, kọ̀ǹpútà ṣírò ó, ó ní rárá. Kò ní ìkà nínú. Àwọn AmeriCorps kì í sábà pọ̀ lára àwọn tó ń wá sọ́dọ̀ rẹ̀. Owó kan náà, agbowó-orí ń kà á, SNAP kì í kà á: ta lojú ò ní rú?

Kí ọmọ yín má fi owó náà pamọ́ o. Kó kọ ọ́ sílẹ̀, kó kọ "AmeriCorps living allowance" síwájú rẹ̀. Kó gba lẹ́tà níbi tó ti ń sìn, tó sọ ẹ̀ka tó wà, iye tí wọ́n ń san, ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tó máa parí. Bí wọ́n bá ṣì kọ̀, kó ní òun fẹ́ rí ọ̀gá. Bí ọ̀gá náà bá kọ̀, ó lẹ́tọ̀ọ́ láti pè fún ìgbẹ́jọ́ láàárín 90 ọjọ́.

Ìbéèrè: Àbúrò mi ní tiẹ̀, VISTA ni.

Ọ̀rọ̀ le díẹ̀ níbẹ̀. Ìlànà SNAP sọ pé ẹni tó bá ti ń gba SNAP tàbí ìrànwọ́ owó ìjọba nígbà tó wọ VISTA, wọn ò ní ka owó VISTA rẹ̀. Kódà bí SNAP náà bá dáwọ́ dúró fúngbà díẹ̀, àǹfààní yẹn ò bọ́. Ẹni tí kò gbà á tẹ́lẹ̀, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ń béèrè lẹ́yìn tó ti wọlé, owó iṣẹ́ ni wọ́n máa kà á sí. Àwọn méjì lè jókòó sídìí tábìlì kan náà, kí wọ́n máa gba iye kan náà, kí wọ́n ka ti ọ̀kan, kí wọ́n fo ti èkejì. Lójú tèmi, ẹni tí kò rẹ́ni tètè ta á lólobó ni ìlànà yìí ń fìyà jẹ. Ẹni tó bá ń gbèrò VISTA tí àpò rẹ̀ sì ti gbẹ, kó béèrè fún SNAP kó tó di ọjọ́ ìwọṣẹ́.

Bó bá ti pẹ́ jù, kó ṣì gbìyànjú. Ìlà òṣì àdúgbò (poverty line, iye owó tí wọ́n fi ń mọ ẹni tó jẹ́ tálákà) ni wọ́n ń wò láti fi ṣírò owó VISTA, SNAP sì gbà kí owó èèyàn ju ìlà náà lọ díẹ̀. Láti Oṣù Kẹwàá 2024 sí Oṣù Kẹsàn-án 2025, $1,632 lóṣù ni òdiwọ̀n fún ẹni tó dá wà ní ìpínlẹ̀ 48 tó so pọ̀, ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ sì gbé e ga jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lẹ́yìn náà ni wọ́n máa yọ ìdá 20 nínú 100 kúrò lára owó iṣẹ́, wọ́n á sì wo owó ilé. Ó lè má tó $292 tó jẹ́ òkè téńté fún ẹnì kan nígbà náà, àmọ́ ó lè ra ìrẹsì.

Ìbéèrè: Green card ni ọmọ wa ní, ọdún tó kọjá ló gbà á.

AmeriCorps máa gbà á, torí onígreen card lè sìn bí ọmọ onílùú. SNAP ní tiẹ̀ ń fẹ́ kí àgbàlagbà ti lo ọdún 5 pẹ̀lú green card. Ẹni tí kò tíì pé ọdún 18 kì í dúró de ọdún 5 yìí. Ọ̀nà kan tún wà tí ọ̀pọ̀ ìdílé wa ò mọ̀: ẹni tó bá ní iṣẹ́ bí ọdún 10 nínú ìwé Social Security, wọ́n lè fún un láìdúró, wọ́n sì ń ka iṣẹ́ tí òbí rẹ̀ ṣe ní Amẹ́ríkà nígbà tí òun kò tíì pé 18 mọ́ ọn. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ ti ń ṣe nọ́ọ̀sì níbí látìgbà tó wà ní jẹ́lé-ó-sinmi nílé, kó lọ wo ìwé ìyá rẹ̀ dáadáa.

Ìbéèrè: Ṣé wọ́n á ka owó àwa òbí mọ́ tirẹ̀?

Bó bá ń gbé lọ́dọ̀ yín tí kò sì tíì pé 22, wọ́n á kà á, bó tilẹ̀ ń dáná tirẹ̀. Bó bá ti pé 22 tó sì ń ra oúnjẹ tirẹ̀, tó ń sè é lọ́tọ̀, ìkòkò tirẹ̀ nìkan ni wọ́n máa wò.

Ìbéèrè: Wọ́n ní SNAP máa ń dúró lẹ́yìn oṣù 3 bí èèyàn ò bá níṣẹ́.

Òótọ́ ni, fún ẹni tára rẹ̀ le tí kò sì tọ́mọ tí kò tíì pé ọdún 14 lọ́wọ́. Òfin tó jáde ní Oṣù Keje 2025 sì ti na ọjọ́ orí tó kàn dé 64. Wákàtí 80 lóṣù ni wọ́n ń fẹ́, iṣẹ́ ìyọ̀ǹda ara ẹni sì wà lára ohun tí wọ́n ń kà. Ẹni tó ń sìn ní kíkún, tí ọdún ìsìn rẹ̀ jẹ́ wákàtí 1,700, ti kọjá iyẹn. Kó sáà tọ́jú ìwé tó fi wákàtí rẹ̀ hàn, torí wọ́n lè béèrè rẹ̀.